Èèrà Tí Ìyá Wa Jù Sínú Omi Ọmú

Ilé Ògúnrẹ̀mí,
Kamina, Atakpamé,
Tógò.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Aymar, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Lomé? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu níjọsí ti lọ? Ìyá wa ń kí ọ. Wọ́n ní o kì í jẹun dáadáa, n kò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òjò ń rọ̀ déédéé níbí, àgbàdo ti fẹ́ẹ̀ gbó. Ara ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ le. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí àyà rẹ má baà já.

Ọ̀rọ̀ Léonie ìyàwó rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmú òsì rẹ̀ le gbagidi, kókó kan sì wà nínú rẹ̀ bí èkùrọ́. Bí nǹkan bá ti kàn án, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá wa ní omi ọmú náà ti bàjẹ́, kí Tóyìn ọmọ yín má mu ún mọ́, ká lọ ra wàrà inú agolo. O mọ bí àwọn ìyá ṣe ń dán an wò lọ́dọ̀ wa: wọ́n ní kí Léonie fún díẹ̀ sínú àwo, wọ́n sì ju èèrà kan sí i. Èèrà náà jà díẹ̀, ó kú; lójú wọn, àmì pé omi ọmú ti bàjẹ́ nìyẹn.

“Ẹ ti fojú ara yín rí i,” ni Ìyá wí. “Ṣé èyí lẹ fẹ́ kí ọmọ mu?”

Mo ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ nígbà tí mo wo èèrà yẹn, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ta ni èmi tí n kò tíì bímọ, tí n ó fi máa bá ẹni tó fún gbogbo wa lọ́mú jiyàn?

Ìyàwó rẹ ni kò gbà. Ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora náà, ó bu omi láti inú ìkòkò Ìyá sínú àwo mìíràn.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju òmíràn sínú eléyìí.”

Èèrà kejì náà kú.

“Ṣé omi tí ẹ mu láàárọ̀ náà ti bàjẹ́ ni, Ìyá?”

Ìyá wo àwo méjèèjì. “Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ tí o fi ń ránṣọ lọ,” ni wọ́n wí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé ọmọ fún un.”

A gun alùpùpù lọ bá agbẹ̀bí. Ó ní omi ọmú ló dí lójú ọ̀nà, kí Tóyìn máa mu ọmú náà lóòrèkóòrè, kí a fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e kó tó mu, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Bí ibà bá dé, tàbí tí kókó náà kò bá lọ, ká tètè padà wá. Ìyá fúnra wọn ló ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná. Kókó náà ti yọ́ pátápátá báyìí.

Lánàá, aládùúgbò wa Dorothée gbé àwo wá, ó ní kí Ìyá fi èèrà dán omi ọmú ọmọbìnrin òun wò. Ìyá ní kó kọ́kọ́ lọ bu omi wá. Wọ́n tún ní, “Ìyàwó mi ló kọ́ mi.” Ì bá wù mí kí o wà níbẹ̀ kí o gbọ́ ọ.

Bá mi kí Isidore tí ẹ jọ ń gbé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí orí rẹ̀ wú nítorí ìyàwó rẹ,
Mojọlá