Wọ́n Ní Ilé Aránṣọ Wà Lójú Òpó

Akọ̀wé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ṣì ń pariwo mọ́ ẹ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ, kò sì ní jẹ́ kí irun orí rẹ tán kí tèmi tó tán. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, tòsì ń bá a kẹ́dùn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má fi ẹ̀fẹ̀ ba ìwé yìí jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ gidi ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni ti aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ẹni tó rán aṣọ iléèwé rẹ tí apá kan fi gùn ju èkejì lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tún ojú náà ṣe, àmọ́ kó má jẹ́ kó pẹ́. Ó wá fẹ́ ta ilé rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ tọ́jú ojú, kó sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ti di ẹrù sílẹ̀, orí ẹrù náà ló ń jókòó sí látàárọ̀. Mo sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá dé yóò fọn fèrè, kó lọ jókòó sórí àga.

Ó bá éjẹ́ńtì ilé kan sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ fún débi pé mo bi í bóyá inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Éjẹ́ńtì dé, ó ní oòrùn ń wọ fóònù òun lójú, ó bá kẹ̀yìn sí ilé aránṣọ, ó ya fọ́tò ilé tiwa. Èmi rò pé ó fẹ́ràn mi ni, mo dúró dáadáa, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni onígbàjámọ̀ ka ohun tó kọ sétígbọ̀ọ́ wa nínú fóònù tirẹ̀: ilé títà, yàrá mẹ́rin, adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Akọ̀wé, ìwọ náà mọ̀ pé yàrá méjì ni ilé aránṣọ. Adágún tó rí yẹn, kòtò tí oníbúlọ́ọ̀kù ń da omi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni. Èmi náà wà nínú fọ́tò, mo sì bi onígbàjámọ̀ bóyá wọ́n máa tà mí mọ́ ilé. Ìyá rẹ ní ẹni tó bá rà mí yóò dá mi padà.

Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń ya bò wá. Ilé wa ni wọ́n ń wọ̀, torí òun ni wọ́n rí. Obìnrin kan wọlé bá ìyá rẹ lórí ibùsùn, ó ní ibẹ̀ yóò dára fún àwọn ọmọ òun, ìyá rẹ sì sún fún un. Ọkùnrin kan tó sanra jókòó sórí àga mi láti ro ọ̀rọ̀ náà, àga kò dúró kó rò ó tán. Bí mo bá wá mú wọn sọdá sílé aránṣọ, wọn a wo yàrá méjì, wọn a wo òrùlé tó ń jò lápá kan, wọn a béèrè adágún. Aránṣọ a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, a ní bóyá ó wà lẹ́yìnkùlé, bóyá òun ni kò rí i.

A pe éjẹ́ńtì títí, kò gbé fóònù. Onígbàjámọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò lè tán àfi bí wọ́n bá tún un kọ lójú òpó tí wọ́n kọ ọ́ sí. O mọ̀ pé èmi kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Mo lọ sídìí òpó iná tó wà níwájú ilé, mo ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan ń wá ewúrẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò sí ti ilé níbẹ̀. Mo ní bóyá òjò ti fọ̀ ọ́ lọ. Mo bá kọ tèmi gàdàgbà, pé ilé aránṣọ ni wọ́n ń tà, kì í ṣe tiwa, yàrá méjì ni, kò sí adágún, òrùlé ń jò díẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ bẹ oníbúlọ́ọ̀kù. Mo kàn án mọ́ òpó.

Ó sì ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mànàmáná kan wá gun òpó náà, ó kọ́kọ́ bú ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ òpó ìjọba, èmi náà bá a bú onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló kà á, ó ní yàrá méjì gan-an ni òun àti ìyàwó òun ń wá. Ó gun òrùlé lọ wo ibi tó ń jò, ó ní iṣẹ́ kékeré ni. Òun àti aránṣọ fẹnu kò. Àmọ́ nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wò ó nínú fóònù, ó rí yàrá mẹ́rin àti adágún. Ó ní aránṣọ ń fi yàrá méjì pamọ́, pé ọkọ òun kò ní sanwó odindi ilé kó gba ààbọ̀. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, wọ́n fẹ́ wá yàrá tó kù. Bí wọn ò bá rí i, wọn ò rà mọ́.

Onígbàjámọ̀ wá là mí lóye pé òpó tó purọ́ yìí kò sí lọ́dọ̀ wa, pé ìlú ńlá bí irú èyí tí o wà ni irú rẹ̀ pọ̀ sí. Jọ̀ọ́, tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, wá òpó náà rí, yá àkàbà, kí o sì pa yàrá méjì rẹ́ níbẹ̀ kí Sátidé tó dé. Pa adágún rẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o má gùn ún, sọ pé bàbá rẹ ló rán ọ. Tèmi, bí àyè bá wà, fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, fọ́tò náà yẹ mí.

Ìyá rẹ ní kí n má tọrọ owó, n kò sì tọrọ. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé orí àpótí ni mo jókòó kọ̀wé yìí. Bí nǹkan bá ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó bọ́ sọ́dọ̀ wa.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tìrẹ, iye yàrá tí wọ́n bá kà fún ọ ni wàá bá níbẹ̀. Ojú rẹ kò ní ṣú. Má gbàgbé Sátidé, ọmọ mi. Aránṣọ ní ọmọ-ọmọ òun ti ń rìn báyìí, òun kò sì tíì rí ojú rẹ̀ kedere rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.