Ọwọ́ Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo jókòó sí yàrá mi ní Sango, òjò ń rọ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí n kò lè sọ fún ẹlòmíràn. Màmá wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ara wọn le díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe, wọ́n á sì padà wọlé. Níbí, kò sí ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé wá fún wọn ju èéfín ọkọ̀ lọ. Nílé wa létí ọ̀sà, ẹ máa ń sọ pé bí òórùn bisikíìtì bá ti ń wá láti àwọn ilé iṣẹ́ Agbára, kí a tètè jáde. Bí ó bá ti di òórùn ọṣẹ, kí a ká àwọ̀n, afẹ́fẹ́ ti ń yí nìyẹn. Mo sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọsibítù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: mo ti mọ bí a ṣe ń yí ìgbòkun padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn ẹni. Ì bá sàn kí n má mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń lọ kọ́ ọ. Ní Sátidé, màá gba Àtàn kọjá, màá dé Agbára lásìkò tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ń já àwọn oníṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀, màá sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà Ológè. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tiwa, òdìkejì ni. Ọkùnrin ará Badagry kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sẹ́wánù. Ó ti ṣiṣẹ́ létí òkun pẹ́. Òun ló ń kọ́ àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, bí a ṣe ń dúró lórí pákó tó ní ìgbòkun kí afẹ́fẹ́ máa gbé ni lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Pákó náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó gùn jù ú lọ, kò ní ẹ̀gbẹ́, kò sì ní ìjókòó. Òpó ìgbòkun dúró láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kàn án mọ́ ọn pinpin. Oríkèé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti èjìká, tó ń jẹ́ kí ó lè tẹ̀ síbi gbogbo. Kò sí okùn tí a fi ń darí ìgbòkun. Ọ̀pá kan ló yí i ká ní ìwọ̀n àyà, òun lẹ óò fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ọwọ́ kan á sún mọ́ òpó, èkejì á wà lẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀yìn yìí ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Kò sí àjẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ni àjẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ bá ti bi mí pé ibo ni ẹja máa wà.

Lílọ kò ṣòro. Yíyí padà wálé ló ṣòro, pàápàá èyí tí Sẹ́wánù ń pè ní jáìbù. Nínú jáìbù, ẹ kò ní kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ óò kẹ̀yìn sí i ni. Ẹ óò tẹ orúnkún, ẹ óò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ kan pákó wọ omi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ọ̀kadà tó ń gba kọ́nà. Ó máa dé ibì kan tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín gan-an. Níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀. Ìgbòkun á fò gba iwájú òpó kọjá bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí, ẹ óò pààrọ̀ ẹsẹ̀, ẹ óò sì gbá ọ̀pá mú ní òdìkejì. Bí ẹ kò bá tú ọwọ́, ìgbòkun á gbé yín sọ sómi.

Ọwọ́ mi kì í tú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kéré nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi okùn ìgbòkun yín, ìgbòkun tí ẹ fi àpò ìyẹ̀fun rán, lé mi lọ́wọ́. Ẹ kò bí ọkùnrin, ẹ kò sì ka ìyẹn sí. Ọkọ̀ wa kò ní èèkàn tí a lè so okùn mọ́. Ọwọ́ ni èèkàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bọ́ sẹ́yìn wa, ẹ óò ní kí n wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n di ìkúùkù, kí n má tú u títí ìgbòkun á fi rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn apẹja etí omi wa ń ṣe, torí ìgbòkun tó bá já gbà lè gbá èèyàn àti àwọ̀n dànù. Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ okùn yín, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wọ aago sọ́tùn-ún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aago ni.

Sẹ́wánù kò mọ ìtàn yìí. Bí mo ṣe ń ṣubú ni ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí bóyá gáàmù ni mo fi lẹ ọwọ́ mọ́ ọ̀pá. Ó ní ìyàwó òun kò tíì di òun mú tó báyẹn rí. Àwọn tó ń wa yanrìn létí omi sọ mí ní Dókítà Májùúsílẹ̀, wọ́n á sì máa pè mí bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ wọn bí mo bá ti yọ.

Ìtìjú ibẹ̀ ni pé ọwọ́ gan-an ni iṣẹ́ mi. Àwọn tí ẹ̀rọ ti gbá lọ́wọ́ nílé iṣẹ́ irin àti ti ike ní Ọ̀tà, àwọn tí ìka wọn ti ká kò, èmi ni mò ń jókòó tì wọ́n tí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i díẹ̀, kí wọ́n tún ṣí i díẹ̀ sí i. Mo mọ iṣan tó ń pa ọwọ́ dé, mo mọ èyí tó ń ṣí i. Èyí tó ń pa á dé lágbára ju èkejì lọ. Ìmọ̀ yìí ni mo gbára lé láti ọdún tó kọjá.

Nítorí yín ni mo ṣe lọ síbẹ̀, Bàbá. Lọ́jọ́ tí ìjì òjò àkọ́kọ́ ọdún tó kọjá dojú ọkọ̀ yín dé, àwọn tó gbé òkú yín wá sí èbúté ní okùn ló mú yín tí ẹ kò fi lè lúwẹ̀ẹ́ jáde. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tú okùn náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ yín. Kò ní kókó. Wíwé lẹ́ẹ̀mejì ni, bí ẹ ti kọ́ mi. Okùn tí a wé láìta kókó, bí èèyàn bá ṣí àtẹ́lẹwọ́, á yọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ mọ èyí jù mí lọ. Ìka yín ṣì ká mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún mi. Ṣé ẹ kò lè ṣí i ni, àbí ẹ kò ṣí i? Kò sí ìwé mi kankan tó dáhùn rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Màmá pé n kò ní wọ ọkọ̀ ẹja mọ́, nítorí náà pákó Sẹ́wánù ló kù: ọ̀sà kan náà, afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ohun tó ń fa ọwọ́.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé inú mi máa ń dùn bí mo bá ṣubú. Sẹ́wánù rò pé ìgboyà ni. Màá yọ orí lómi, màá sọ nínú ọkàn mi pé ẹ wò ó, kò ṣeé ṣí. Bàbá kò fi wá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló lágbára jù wọ́n lọ. Ìṣubú kọ̀ọ̀kan dà bí ẹlẹ́rìí tó ń gbè yín.

Sátidé tó kọjá, afẹ́fẹ́ le. Sẹ́wánù wọ omi dé àyà, ó di pákó mi mú, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dókítà, ẹ má tíì tú u. Bí pákó bá yí dé ìdajì, ìgbòkun ò ní wúwo mọ́. Ó máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ dúró de ìgbà yẹn."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìgbà yẹn gan-an ló ń fa èèyàn jù.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá mi."

"Ẹ bá mi kí wọn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò."

Mo dán an wò. Mo tẹ orúnkún, pákó yí, mo sì dúró de ìfà náà. Kò dé. Ìgbòkun rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọwọ́ mi ṣí. Kò gba agbára kankan, Bàbá. Àwọn tí mò ń tọ́jú tí ìka wọn ti gan lè ṣe é. Ìgbòkun kọjá, mo gbá a mú lódìkejì, mo sì ń bọ̀ wá sí èbúté lórí ẹsẹ̀ mi. Àwọn oníyanrìn ń pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, Sẹ́wánù sì rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún.

Mo ti bá ara mi jiyàn. Ọkọ̀ yín wúwo ju pákó lọ, ìjì yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ afẹ́fẹ́ Sátidé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbòkun tó lè ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì tí kò ní gba ibi fífúyẹ́ yẹn kọjá. Nígbà tó fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ mọ̀? Ṣé àṣà ló ti mọ́ ọwọ́ lára ni, àbí ó ti rẹ̀ yín? Ẹja ti ń tán lọ́sà, ẹ sì ti ń dákẹ́ lọ́dún yẹn. Ṣé ẹ rántí pé a wà nílé?

Láàárọ̀ yìí, Màmá sọ̀rọ̀. Mo ń fún wọn ní oògùn wọn, wọ́n sì gbójú sókè wò mí.

"Okùn yẹn," wọ́n ní, "ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ó le, Màmá. Kò sí ẹni tó lè tú u."

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.