Má Da Òróró sí Táyà Gbọ́ládé

                                                  Ilé Ọláníyan,
                                                  Ọ̀nà Ilo-Awela,
                                                  Sango-Ọ̀tà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìyá Gbọ́ládé,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Orúnkún tó máa ń ro ọ́ ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi òrí pa á, àbí o ti tún lọ ra oògùn tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò? Gbọ́ládé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ rẹ ti bímọ? Eruku àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Igbesa yín yẹn, ṣé kò tíì dé inú ọbẹ̀? Èmi wà láàyè. Eyín mi tó kù ṣì ń jẹ eegun. Ẹni tó bá ní mo ti darúgbó, kó wá bá mi ja ìjàkadì.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́ lánàá, ṣebí ìwọ lo gé e mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kò ṣeé gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá wa tó ní kí n wá máa ru ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta náà ni mo fi ń kọ èyí, n kò bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́. Níbi tí o bá ti rí àṣìkọ, fi ojú inú tún un ṣe, kí o máa kà á lọ.

Ohun tí o sọ kí o tó gé fóònù ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ẹ ti rí mọ́tò tòkunbọ̀ kan ní Itele tí Gbọ́ládé yóò máa fi kó èrò láti Igbesa sí Sango. O ní ẹni tó ń tà á ní dókítà kan ṣoṣo ló lò ó. O ní tí ẹ bá ti gbé e délé, kí n bá ọ bẹ Alàgbà Cornelius kó wá fi òróró yà á sí mímọ́. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí Ìbráhìm mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ni o bá pariwo mọ́ mi pé kí n má fi apààyàn olójú kan yẹn ránṣẹ́ sílé rẹ, pé gbogbo Sango ló mọ̀ pé òun ló ba bíréèkì mọ́tò Jabez ọmọ mi jẹ́. Ìyábọ̀, tó bá jẹ́ pé iwájú mi lo ti sọ ọ́ ni, ẹnu yẹn ì bá ti wú. Gbogbo Sango kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ìwọ wá, o wo ojú Jabez tó wú, o sunkún, o lọ. O ò béèrè Ìbráhìm. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ ra mọ́tò fún Jabez lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, Ìbráhìm ló bá mi lọ wò ó. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, abẹ́ igi máńgòrò tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà wa yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ kùtù ló ní ká lọ. Bí a ṣe débẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ó ní tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná kí oníbàárà tó dé, ẹni tó ń tà á ti tan án sílẹ̀ ni, nítorí ó mọ̀ pé tó bá tutù, yóò wúkọ́ kó tó dìde. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ sókè, ó fi imú wá ibẹ̀ bí ajá. Mọ́tò tó ti mu omi àgbàrá rí, òórùn rẹ̀ kì í lọ. Ó fi ìka gbá ara rẹ̀ káàkiri, ibi tí kò bá dún bí irin, ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ ọgbẹ́ tí wọ́n kun ọ̀dà lé. Ó wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìwọ náà wo ti dókítà yín yẹn. Tí rọ́bà náà bá ti jẹ dé irin, dókítà yẹn, èrò ló ń kó.

Ìbráhìm ní ẹ́ńjìnì dára, ṣùgbọ́n páàdì bíréèkì ti tán. Páàdì yẹn ló máa ń fún àwo irin inú ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ra tí mọ́tò fi ń dúró, ṣé o gbọ́? Mo ra tuntun. Lọ́jọ́ Àìkú, tó ku ọ̀la kí Jabez bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni Ìbráhìm fi wọ́n sí i. Ó wà á gun òkè, ó wà á sọ̀, ó tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró gbọn-in. Ojú mi ló ṣe.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ Ajé ni Cornelius dé pẹ̀lú ìgò òróró. O mọ ọkọ àbúrò ọkọ mi yìí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ pa ojú dé. O sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò tuntun níbí: wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fi òróró kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí. Cornelius fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi kan ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá táyà. Ó ní ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń pàdé ibi lọ́nà. Ló bá ń da òróró gba ojú ihò irin táyà wọlé, góló góló, bí ẹni ń bu epo sí ìkòkò.

Mo ní, “Cornelius, ó tó!”

Ó ní, “Màmá Jabez, òróró Ọlọ́run kì í pọ̀ jù.”

Ó da ìgò náà tán sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jabez ṣe àmín, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kò tíì tán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ. Ariwo yẹn, Ìyábọ̀, bí ìgbà tí tírélà bá da irin sílẹ̀. Jabez tẹ bíréèkì, bíréèkì ń yọ̀ bí ọṣẹ nínú omi. Mọ́tò gbá ọlọ́kadà kan láti ẹ̀yìn, ó gbé e lu ògiri ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ tòun ti ilẹ̀kùn. Eegun itan ọlọ́kadà náà yọ jáde láti inú ṣòkòtò, ó funfun báláú. Kò kú. Igi ló fi ń rìn títí di òní.

Kí n tó sáré débẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa Jabez gba ojú wíńdò jáde. Wọ́n ń fi àṣíborí lù ú lórí, wọ́n ń fi bàtà tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ọmọ mi, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í ké: “Kì í ṣe èmi! Mẹkáníìkì ni! Ìbráhìm ló ṣe bíréèkì yìí lánàá! Abẹ́ máńgòrò ló wà lọ́hùn-ún!” Ó na ìka. Mo rí ìka yẹn. Títí di òní, tí mo bá rí i tó ń fi jẹun, ó máa ń wù mí kí n gé e.

Wọ́n fi Jabez sílẹ̀ bí ẹni ju eegun tí a ti fà gbẹ nù, wọ́n ya lọ sábẹ́ máńgòrò. Abẹ́ mọ́tò ni Ìbráhìm wà, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ jáde. Ó ń bi wọ́n pé, “Kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?” Ẹnì kan fi òkúta dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ òsì ló bà. Ojú yẹn fọ́ níṣojú mi, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Wọ́n gbé táyà kan nínú àlòkù táyà tirẹ̀ gan-an, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Géńdé kan tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ ń mi bẹntiróòlù nínú ike.

Ṣé o rò pé mo sunkún? Mo ṣa sípánà tí Ìbráhìm fi ń tú táyà nílẹ̀. Mo fi bá géńdé yẹn ní ọrùn ọwọ́. Ike fò, ọwọ́ rẹ̀ dún bí ẹ̀ka igi. Ẹlòmíràn gbá mi létí, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀. Mo tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi sí i lójú, mo gé e jẹ lápá títí ó fi pe ìyá rẹ̀. Mo wá jókòó lé Ìbráhìm láyà, tèmi ti sípánà, mo di etí ìró mi mú. Mo ní, “Ẹni tí ìyá bí nínú yín, kó ṣáná! Ìhòòhò tí yóò rí lónìí yóò bá a dé sàréè!”

Wọ́n dúró. Àwọn kan ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀kan wá ń bẹ̀ mí, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká jó o ká lè tètè débi iṣẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí o. Ká jó o ká lè tètè débi iṣẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ pàǹtírí!

Mo ní, “Ẹ ní ó ba bíréèkì jẹ́, àbí? Ẹ tú ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn níṣojú mi. Tó bá jẹ́ òun ló bà á jẹ́, èmi fúnra mi ni màá ṣáná fún yín.”

A jọ lọ síbi mọ́tò. Táyà ṣì wà lọ́rùn Ìbráhìm, èmi ni mo dì í lápá mú. Wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò, wọ́n tú ẹsẹ̀ iwájú kan. Páàdì tuntun wà níbi tí Ìbráhìm fi í sí, kò yẹ̀, kò bọ́. Ṣùgbọ́n àwo irin tó yẹ kó gbẹ ń dán, ó ń kán tó, tó. Mo fi ìka nù ún, mo gbé e sí imú. Lọ́fínńdà tí Cornelius máa ń dà pọ̀ mọ́ òróró rẹ̀ ni. Mo ti ìka náà bọ géńdé tí mo ṣẹ́ lọ́wọ́ nímú.

“Gbóòórùn rẹ̀!”

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Òróró àdúrà ni.”

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, “Wèrè wo ló ń da òróró àdúrà sí bíréèkì?”

Mo ní, “Ẹ ì bá ti béèrè bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé táyà.”

Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n tú ká bí ẹni tí òjò lé. Géńdé yẹn dúró, ó ń bi mí pé ta ni yóò tọ́jú ọwọ́ òun. Mo ní kó lọ bá ẹni tó da òróró.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Cornelius da òróró síwájú, àwọn ẹlòmíràn ló tẹ ilẹ̀ yíyọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo mú sípánà lọ sílé rẹ̀. Ó yọ orí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó pa ojú dé, ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, pé ara mẹkáníìkì yẹn ni ọ̀tá gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ tó ń gbé kiri nìyẹn tó fi dé etí rẹ ní Igbesa. Mo rí ìgò òróró rẹ̀ mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Mo dà á sórí àtẹ̀gùn láti ibi tí ọwọ́ mi tó dé ilẹ̀. Mo ní, “Òróró Ọlọ́run kì í pọ̀ jù. Sọ̀ kalẹ̀ wá sọ ọ́ lójú mi.” Ó fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ló fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bi í bóyá Ìbráhìm náà ló bá a tún àtẹ̀gùn ṣe.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ òróró, kó mọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò gbàdúrà sínú bíréèkì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni kí Gbọ́ládé máa yẹ̀ wò láràárọ̀ kó tó tan mọ́tò, tó bá ti dúdú tó ki bí ọ̀dà, kó pààrọ̀ rẹ̀. Kó má ṣí ìdérí omi ẹ́ńjìnì nígbà tó bá gbóná, yóò bó o lójú bí ẹni bó ewúrẹ́. Táyà tí wọ́n fi nǹkan dúdú pa kó lè máa dán, kó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò dáadáa, tó bá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, kó sọ ọ́ nù. Tí bíréèkì bá sì ń ké, kì í ṣe orin ló ń kọ.

Ojú kan ló kù fún Ìbráhìm. Olójú kan kì í tètè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó máa ń na sípánà lu afẹ́fẹ́ lábẹ́ mọ́tò. Nígbà tí ọgbẹ́ Jabez jinná, mo fi etí fà á lọ sábẹ́ máńgòrò, ọkùnrin tó ti bímọ, mo ní kó dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìka tí o nà sí i, òun náà ni wàá máa fi júwe ibi tí kò rí fún un, títí Ọlọ́run yóò fi pe ọ̀kan nínú yín.” Ìbráhìm ní, “Màmá, ẹ fi í sílẹ̀.” Mo ní kò kàn án. Láti ìgbà náà Jabez kò wa ọkọ̀ mọ́. Abẹ́ mọ́tò ló ń dùbúlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ọ̀tún díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sún un sókè. Òun nìyẹn.” Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ti Jabez yóò jọ ọ́.

Bá mi kí Gbọ́ládé àti aya rẹ̀. Bá mi kí ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ ilé yín, tí kò bá tíì gbàgbé mi.

Ìbráhìm àti Jabez ló mú ìwé yìí wá. Ìdájí ni mo lé wọn jáde nílé. Bí o ṣe ń kà á yìí, ẹnu géètì rẹ ni wọ́n wà. Ìbráhìm ló na ìwé sí ọ, mo sì mọ̀ pé o kò wo ojú rẹ̀. Gbé orí sókè, kí o wò ó báyìí. Lẹ́yìn náà kí o fún wọn lómi mu, kí ẹ jọ lọ sí Itele kí ẹni tó ń ta mọ́tò yẹn tó ráyè tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Tí Ìbráhìm bá ní ẹ rà á, ẹ rà á. Tó bá ní ẹ má rà á, ẹ fi mọ́tò dókítà yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ti géètì mọ́ ọn, èmi ni màá wá ṣí i. Sípánà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì rẹ̀,
                                                  Ẹfúnkẹ́ Ọláníyan.