Ẹja Yíyan Tí Dókítà Yọ̀ǹda

Màmá mi ní Kabawa, okun o.

Mo wà dáadáa nílé ìwòsàn ìlú òyìnbó yìí. Látìgbà tí wọ́n ti fa mùdùnmúdùn eegun Bámiṣayé àbúrò mi sí mi lára, dókítà kò jẹ́ kí n fẹnu kan ẹja yíyan yín. Lánàá ló ní kí n máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹja náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí ẹ dì í sí.

Dókítà yìí kọ ìwé ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe mí yìí. Ẹ má jẹ́ kí Bámiṣayé ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda gbogbo oúnjẹ fún. Mo ti kà á. Eegun rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ń jẹ ẹja.

Ọmọ́wùmí yín