Ìwé Tí Màmá Ń Retí Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀

Nukafu,
Lomé.

Mùkáílà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀ ìdálẹ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le ní Libreville níbẹ̀, pé ojú kò sì pọ́n ọ. Bí o bá ń béèrè àwa, a wà, a dúpẹ́. Ràbíátù ìyàwó rẹ ń ṣe dáadáa. Làtífátù ọmọ yín ti ga débi pé mo ń bi í léèrè bóyá ajílẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń bù sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè ọ́ títí. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín la fi ń bẹ̀rẹ̀, màá sì pa fóònù láìsọ ọ̀rọ̀ náà. Mùkáílà, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ Màmá pẹ̀lú, ojú sì ń tì mí.

O rántí àwọn ìwé Yorùbá tí bàbá yín, Alájì Bàlògún, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, rà fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní sàárà nígbà tí wọ́n ṣì ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato. O rántí àdéhùn tí wọ́n bá wa ṣe: ọmọ tó bá yá ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kà á fún àgbàlagbà kan nílé. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú yàrá ìkàwé, bí ọmọ bá dá ìwé padà, n kì í bi í bóyá ìtàn náà dùn. Ohun tí mo ń bi í ni pé, “Ta lo kà á fún?” Ọmọ tí kò bá lè dárúkọ ẹnìkan kò ní rí òmíràn yá.

Màmá yín ni Làtífátù máa ń dárúkọ. O mọ̀ pé ojú wọn kò ríran kàwé mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí a bá ti jáde, ó máa gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé wọn. Ìtàn aláró kan tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀ tí kò bọ̀ ni wọ́n ń kà. Làtífátù á ka Yorùbá bí ẹni ń ka Faransé, Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa tún un ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Dírẹ́kítọ̀ wa, Mùsíọ̀ Jean-Paul, ní ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yìí ju gbogbo èyí tí a lè rà láyé wa lọ. Wọn kò parọ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC rí ìwé sáyẹ́ǹsì tí a kò fojú kàn rí. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo la ní, a sì nílò ògiri kan tí a ó ti máa gba iná mànàmáná sí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Dírẹ́kítọ̀ ní èmi ni mo mọ ìwé, kí n fúnra mi yan èyí tó máa kúrò nílẹ̀.

Mo yan ti bàbá yín. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo rò ó pé ìwé Faransé làwọn òbí máa bi mí, pé kò sí ìdánwò tí wọ́n ti ń béèrè Yorùbá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó wọn sínú páálí, a sì gbé wọn lọ sí ilé kan tí àbúrò dírẹ́kítọ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Avépozo. Nígbà tí Làtífátù dé tó ní, “Tọ́ntọ̀n Ṣeun, ìwé Màmá dà?”, mo gbójú kúrò lójú rẹ̀, mo ní kó lọ wá a nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo sì mọ̀ dájú pé kò sí níbẹ̀.

Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí agogo bá ti lù báyìí, àwọn ọmọ kì í fẹ́ lọ sílé mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí, Làtífátù á wà láàárín wọn. Èmi náà ń yọ̀, mo ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ọmọ wa ń kàwé. N kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ta ló kà á fún. Kò kúkú sí ohun tí wọ́n ń dá padà fún mi tí màá fi béèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo gba iwájú ilé Màmá kọjá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi etí ìborí wọn nu eruku orí àga kékeré tí Làtífátù máa ń jókòó lé. Wọ́n ní, “Ṣeun, àbí ara ọmọ mi kò yá ni?” Mo ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló pọ̀. Wọ́n ní, “Ọlọ́run á là á lóye.” Àdúrà yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ọjọ́ tí ò ń lọ, ṣebí ìwọ lo ní kí n máa bá ọ fojú tó wọn. Wo bí mo ṣe fojú tó wọn!

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Avépozo. Ilé náà kò tíì ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ òkun ń wọ ibẹ̀ fàlàlà, òjò sì ti pa àwọn páálí náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ti bu. Mo rí ti aláró yẹn, ó ti wú, àwọn ojú ewé ìparí rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Wọn kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n jókòó kí n kà á. Mo kà á títí dé ibi tó ti lẹ̀, ni mo bá ń bẹ̀bẹ̀ pé n kò mọ bó ṣe parí. Wọ́n ní, “Èmi mọ̀ ọ́n. Alájì ti kà á fún mi tán kí wọ́n tó fi ṣe sàárà. Ṣé o rò pé ìwé ni mo ń retí ni, Ṣeun?”

Èmi ni mo dá ẹsẹ̀ Làtífátù dúró nílé yẹn.

Dírẹ́kítọ̀ ti gbà kí n kó èyí tó ṣì dára padà. Màá tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì, ohun tí ọmọ bá sì kà lórí ẹ̀rọ, màá bi í pé ta ló sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè la ọ̀rọ̀ yìí yé Làtífátù. Ó ń rò pé òun lòun gbàgbé ìyá òun àgbà. Jọ̀ọ́, bí o bá pè, má bá a wí. Èmi ni kó o bá wí.

Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó má jẹ́ kí ọ̀nà ilé jìn sí ọ. Wàá bá Màmá láyé, wàá bá wọn láyọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó ń tọrọ àforíjì,
Olúwaṣeun.

Àfikún: Mo ti ń lẹ àpòòwé yìí pa nígbà tí Làtífátù wọlé. Mo sọ òótọ́ fún un, àti ohun tí Màmá wí. Ó kàn na ọwọ́ sí ìwé aláró náà tí mo gbé padà wá sá ni. Mo ní kò tíì gbẹ, pé ìparí rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ó ti gbé e sínú báàgì. Ó ní, “Kò burú, Tọ́ntọ̀n. Ibi tó bá ti lẹ̀, Màmá ló máa kà á fún mi.”