Káńfọ̀ Tó Sọ Bàbá Rẹ Di Òkú

Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé Èkó ò tíì gbé ọ mì? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó gbé ọ mì. Kí n tó kí ọ tán ni kí n ti sọ ọ́, nítorí ẹnu àwọn ará Sábọ́n Gàrí wa yìí yá ju ọkọ̀ ojú irin lọ: bàbá rẹ ò kú o. Ẹni tó bá wá bá ọ ní ọ́fíìsì pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, irọ́ ló pa. Wọ́n ń jẹ túwó lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, wọ́n tiẹ̀ ní kí n bu ọbẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

O mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí wa fẹ́ fi bàbá rẹ jẹ Bàbá Àdínnì. Ẹ̀wù sányán tí bàbá tó bí wọn gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ní àwọn máa wọ̀, pé bí kì í bá ṣe ẹ̀wù yẹn, kí wọ́n gbé oyè náà fún ẹlòmíì. Mo wá ṣí pọ́tímáńtò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, hà, ihò wẹ́wẹ́ lára sányán bí asẹ́! Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka ka ihò.

Mo dìde, ó di ọ̀dọ̀ Akínṣọlá, télọ̀ tó wà ní yàrá kejì sí wa. Mo ní sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ihò ṣe. Mo ní kó bi ara rẹ̀. Ó tẹ̀lé mi wọlé, ó gbọn ẹ̀wù náà, ni kòkòrò funfun tín-ín-rín bá ń já bọ́. Ó fa kóòtù onírun tó wà lábẹ́ jáde, labalábá kéékèèké aláwọ̀ eérú bá tú síta bí ọmọ iléèwé. Ó ní Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì, inú kóòtù yìí ni àwọn tó ń jẹ aṣọ yín ń gbé, ẹ lọ mú ẹni tó rà á.

Ta ló rà á? Ìwọ Ọ̀ṣẹ́nì lo rà á ní ọ̀kírìkà, tí o ní kí bàbá rẹ máa fi sá fún ọyẹ́. Ṣé o fọ̀ ọ́ kí o tó fi ránṣẹ́? O ò fọ̀ ọ́. Kòkòrò òyìnbó wọkọ̀ láti Èkó, wọn ò sanwó ọkọ̀, wọ́n wá ń jẹ ẹ̀wù bàbá bàbá rẹ.

Mo kọ̀wé bú ọ, o wá fi káńfọ̀ rán dírẹ́bà, o ní kí n tò ó sáàárín aṣọ. Mo tò ó. Ṣé kí n parọ́? Labalábá ò fò mọ́. Ṣùgbọ́n káńfọ̀ ń kéré sí i, èyí tó tó ẹ̀kùrọ́ ti di bí ẹ̀wà. Mo ní ẹnìkan ń lá káńfọ̀ mi. Ìyá Olúfúnmilọ́lá òdìkejì wa ló máa ń wọlé wá yá iyọ̀, mo bá sọ fún un lójú pé kó yọ ahọ́n síta kí n gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbóòórùn tèmi, pé pẹ̀lú ata tó wà lẹ́nu mi, kòkòrò kankan ò lè dé ilé mi. Akínṣọlá ní kí àwa méjèèjì sinmi, pé afẹ́fẹ́ ni káńfọ̀ ń dà. Mo ní ṣé afẹ́fẹ́ wọ́n ní Kánò ni, tí ọmọ mi á fi rà á wá láti Èkó?

Ó ku ọ̀la kí wọ́n wé láwàní fún bàbá rẹ, mo sá ẹ̀wù náà síta. Òórùn gba gbogbo àdúgbò. Mo gbàgbé pé láàárín àwa Mùsùlùmí, òkú la máa ń fi káńfọ̀ wẹ̀. Àlhájì Adéríbigbé tó ń kírun níwájú nínú mọ́ṣáláṣí wa ń kọjá lọ, ó fa imú, ó ní Ìnnálílláhì, ó pẹ̀yìn dà. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fi kún ojúde wa.

Èmi rò pé wọ́n wá bá wa yọ̀ ṣáájú oyè ni. Wọ́n ní níbo ni Àlhájì, bàbá rẹ, wà. Mo ní wọ́n wà ní balùwẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀ ni, aṣọ funfun wọn náà ti wà nílẹ̀. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Mo ní ẹkún ayọ̀ ni, mo ń gbé ìjókòó fún wọn. Wọ́n ní ta ló ń wẹ̀ wọ́n. Mo ní háàbà, wọ́n ń wẹ ara wọn ni! Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti ro tówẹ̀lì jáde, ọṣẹ lójú, wọ́n ní ta ló kú. Ọ̀ṣẹ́nì, o ò rí eré! Àlhájì Adéríbigbé fi bàtà kan sílẹ̀, ó di àdúgbò Gwagwarwa lọ́hùn-ún.

Àlàámdùlílà, bàbá rẹ jẹ oyè náà. Akínṣọlá fa òwú láti inú ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà, ó fi dí ihò, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Kò gba nǹkan kan, ó ní kí n ṣáà yọ sísọ́ọ̀sì òun kúrò lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wé láwàní fún bàbá rẹ nínú ẹ̀wù bàbá wọn, omi bọ́ lójú wọn, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí kanlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kàn ń pè wọ́n ní Bàbá Àdínnì Oníkáńfọ̀ ni. Ìyá Olúfúnmilọ́lá, mi ò bẹ̀ ẹ́ o, mo kàn bu ìrẹsì ìnáwó fún un, ẹran gidi ló wà lórí ẹ̀. Ó gbà á, ó ní ahọ́n òun dúpẹ́.

Pọ́tímáńtò, mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, ewé dóńgóyárò ló wà níbẹ̀ báyìí, òun kì í di afẹ́fẹ́. Kóòtù rẹ, mo ki òun náà bọ omi gbígbóná, ó sún kì, ó ti di ti ọmọ ọwọ́. Bí ìyàwó rẹ bá bímọ, ẹ wá gbà á.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Owó ọṣẹ, owó pọ́tímáńtò tuntun, àti owó bàtà Àlhájì Adéríbigbé, torí ajá ti gbé èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọmọ mi ló fà á, mi ò sì bá wọn jiyàn. Owó ni o, má fi ohun onírun ránṣẹ́.

Káńfọ̀ tó ṣẹ́kù, bàbá rẹ ní kí n má dà á nù. Mo ti kó o sínú ìgò, mo dé e pa, kó má baà di afẹ́fẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí a máa lò ó. Ọlọ́run jẹ́ kí ọjọ́ náà jìnnà réré. Ìwọ ni wàá fi wẹ̀ wá, a ò ní fi wẹ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Àṣàbí, aya ẹni tí kò kú.