Àgbọ̀nrín Tó Wá Kí Wa Níbi Iná Baba

Uatanaua ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ooru Windhoek kò mú ọ jù? Ọlọ́run àti àwọn baba wa tó ti sùn yóò máa ṣọ́ ọ, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa náà wà, ìyá rẹ wà, koríko ti gbẹ, àwọn màlúù sì ti rù, ṣùgbọ́n wàrà kíkan kò tíì wọ́n wa.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Lóṣù tó kọjá, àgbọ̀nrín ńlá oníwo lílọ́ kan jáde nínú igbó ẹ̀gún lọ́sàn-án gangan, ó rọra wọ agboolé wa, kò sá fún ajá, kò sá fún èèyàn, àfi iwájú okuruuo, iná àwọn baba wa, ló ti lọ dúró. Ta ló lè rán an bí kò ṣe bàbá mi? Mo bu omi sẹ́nu, mo fọ́n ọn sí i lára bí a ti ń ṣe fún àlejò. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń hu eyín, mo ní ẹ̀gún ló há a lọ́fun, mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe fún màlúù. N ò rí ẹ̀gún kankan, eyín rẹ̀ kàn ha mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ìyá rẹ pariwo pé ṣé orí mi pé ṣá, mo ní kó lọ fún wàrà.

Ẹran náà kú lọ́jọ́ kejì. Dókítà ẹran gbé orí rẹ̀ lọ sí Okakarara, ó padà wá sọ pé àrùn dìgbòlugi ló pa á, pé kí n sáré lọ gba abẹ́rẹ́, nítorí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, tí ojú ọgbẹ́ ti ń yún un, kò sí oògùn mọ́. Ó ní òun ti fún nọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà mi. Mo bi í pé níbo ló ti rí ajá tó níwo rí.

Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà tí n ò mọ̀ ti ń kọ̀wé sórí fóònù mi pé bàbá, ẹ tètè máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi nígbà Kérésìmesì pé ohun ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá ní kéèyàn tètè wá gbà, gbájúẹ̀ ni? Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn olè wọ̀nyí ò tilẹ̀ nítìjú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nọ́ńbà àjèjì mìíràn pè, ohùn rẹ̀ bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, ó ní fóònù ọ̀rẹ́ lòun fi ń pè, pé ìyá òun ti sọ fún òun, ó ń sunkún pé bàbá mi, ẹ dákun, ẹ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti jí ohùn ọmọ mi! Mo bú u dáadáa, mo pa fóònù, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ká má purọ́, ẹkún náà ṣì ń dà mí láàmú, ó jọ èyí tí o sun nígbà tí ewúrẹ́ rẹ kú. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Windhoek, ẹnikẹ́ni ò lè jí ìwé ọwọ́ mi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra oúnjẹ màlúù. Mo mọ̀ pé o máa rí i, torí ojú ọgbẹ́ ọwọ́ mi tó ti jinná ti ń yún mi láti àná, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lára mi dé apá, o sì mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ti ń yún èèyàn, owó ló ń bọ̀.

Ìwọ ni wàá sin wá, a ò ní sin ọ́. Má kánjú wálé o, Kérésìmesì ò jìnnà mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tjiueza